Fítámì E Nínú Ewéko àti Ipa Rẹ̀ Nínú Oúnjẹ Ọmọnìyàn: Epo Pupa Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò fítámì E, ọ̀kan lára àwọn èròjà aṣaralóore tí ewéko ń pèsè, àti ipa tí ó ń kó nínú ara ọmọnìyàn. Epo pupa, tí ó jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ láwùjọ Yorùbá, ni iṣẹ́ náà mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ pàtàkì. Ó ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ṣàwárí fítámì náà, ẹ̀yà mẹ́jọ tí ó pín sí, ohun tí ewéko ń fi í ṣe, bí ẹ̀dọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣà á lẹ́ṣà, àti ìwọ̀n tí ara nílò lóòjọ́. Iṣẹ́ náà fi hàn pé bí a ṣe ń sè, tí a ń tọ́jú, tí a sì ń lo epo ṣe pàtàkì gẹ́gẹ́ bí iye fítámì tí ó wà nínú rẹ̀, àti pé kápúsù fítámì E kò lè gba ipò oúnjẹ gidi. Ìmọ̀ràn wà ní apá ìparí fún olùkọ́ tí yóò fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ fítámì E mu rẹ́gí. Ní àwọn ilé ìtajà oògùn káàkiri ìlú, kápúsù fítámì E wà lórí àtẹ, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn kan ń rà á nítorí kí awọ ara wọn lè máa jọ̀lọ̀. Àwọn kan ń lò ó kí ogbó má baà tètè dé. Àwọn obìnrin tí ń retí ọmọ náà ń gbé e mì ní ìrètí pé yóò jẹ́ kí oyún dúró. Bẹ́ẹ̀, nínú ilé ìdáná ilé kan náà, epo pupa wà nínú ìkòkò, ẹ̀pà wà nínú agolo, ẹ̀fọ́ sì wà lórí igbá, tí ẹnikẹ́ni kò sì ronú pé èròjà tí ó wà nínú kápúsù náà wà nínú wọn.

Owó tí ń bọ́ lápò nìkan kọ́ ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún ìjíròrò. Ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ ohun tí fítámì E ń ṣe lè pàdánù rẹ̀ nínú oúnjẹ nípa sísun epo níná àsunjù, kí ó sì tún wá lo àpọ̀jù rẹ̀ nínú oògùn, débi tí yóò fi pa á lára. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti orísun, ìyẹn inú ewéko, kí ó tó dé inú ìkòkò ọbẹ̀ àti inú ara ènìyàn.

2. Ìṣàwárí Fítámì E àti Ìtumọ̀ Orúkọ Rẹ̀

Ní ọdún 1922, Herbert Evans àti Katharine Bishop, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ní Yunifásítì California ní ìlú Berkeley, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi oúnjẹ tí ó ní gbogbo èròjà aṣaralóore tí ayé mọ̀ nígbà náà bọ́ àwọn eku. Àwọn eku náà dàgbà, ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n sì ń lóyún, ṣùgbọ́n oyún náà kì í dé ọjọ́ ìbí. Ọlẹ̀ máa ń kú sínú wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà fi ewé lẹ́tíùsì kún oúnjẹ wọn, àwọn eku náà bímọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n rí i pé ọlẹ̀ inú hóró àlìkámà, ìyẹn ibi tí èéhù ti ń yọ, lágbára jù fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́tà A, B, C àti D ti jẹ́ orúkọ fún àwọn fítámì mìíràn nígbà náà. Ní ọdún 1924, Barnett Sure dá a lábàá pé kí wọ́n pe tuntun yìí ní fítámì E. Ní ọdún 1936, Evans, pẹ̀lú Oliver Emerson àti Gladys Emerson, rí ojúlówó èròjà náà yọ láti inú epo ọlẹ̀ àlìkámà. George Calhoun, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gíríìkì ní yunifásítì kan náà, ni ó bá wọn wá orúkọ fún un. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìbímọ, ó so ó pọ̀ mọ́ èyí tí ó túmọ̀ sí gbígbé nǹkan, orúkọ náà sì di tókóférọ́ọ̀lù, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí agbéyún-ró ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1938, Erhard Fernholz ṣàlàyé bí èròjà náà ṣe rí látòkèdélẹ̀. Ní ọdún kan náà, Paul Karrer fi ọwọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Zurich.

Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ẹni. Orúkọ tí wọ́n fún èròjà yìí ti ro ó jù bí ó ti yẹ lọ. Nítorí orúkọ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé oògùn àgàn ni fítámì E. Ohun tí ó yẹ kí ó yé ènìyàn ni pé àwọn eku tí ìtàn yìí sọ nípa wọn kò rí fítámì E jẹ rárá nínú oúnjẹ wọn. Obìnrin tí ń jẹ epo, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ àti àgbàdo kò sí ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé kápúsù fítámì E ń wo àìrọ́mọbí sàn. Ẹni tí ń retí ọmọ, tí ó sì gbára lé kápúsù yìí nìkan, lè fi àkókò tí ó yẹ kí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ṣòfò.

3. Ẹ̀yà Mẹ́jọ Tí Fítámì E Pín Sí

Fítámì E kì í ṣe èròjà kan ṣoṣo. Ìdílé kan tí ó ní ọmọ mẹ́jọ ni. Gbogbo wọn ní orí kan àti ìrù kan. Orí ni ó ń ṣiṣẹ́ ààbò. Ìrù, tí ó gùn, tí ó sì fẹ́ràn ọ̀rá, ni ó ń rì sínú ọ̀rá tí ó so odi sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Bí ìrù náà ṣe rí ni ó pín ìdílé yìí sí agboolé méjì. Àkọ́kọ́ ni àwọn tókóférọ́ọ̀lù, tí kò sí ìdè oníbejì kankan nínú ìrù wọn. Èkejì ni àwọn tókótráyẹ́nọ́ọ̀lù, tí irú ìdè bẹ́ẹ̀ mẹ́ta wà nínú ìrù wọn.

Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ọmọ mẹ́rin, tí orúkọ wọn ń jẹ́ álífà, bẹ́tà, gámà àti dẹ́lítà. Ìyàtọ̀ wọn wà lára orí. Álífà ní ẹ̀ka kékeré mẹ́ta tí a fi kábọ̀n àti háídírójìn ṣe, bẹ́tà àti gámà ní méjì méjì ní ojúkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dẹ́lítà sì ní ẹyọ kan péré. Ìyàtọ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí a ó ti rí i níwájú, òun ni ẹ̀dọ̀ ènìyàn ń wò kí ó tó pinnu èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò dànù.

Ewéko ni ó ń pèsè ìdílé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí, pẹ̀lú àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú omi tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ ara wọn. Ènìyàn kò lè ṣe é, ẹran kò sì lè ṣe é. Èyí tí a bá rí nínú ẹyin, wàrà tàbí ẹran, láti inú ohun tí ẹran náà jẹ ni ó ti wá.

Ewéko kì í pín in bákan náà. Nínú ewé tútù, álífà-tókóférọ́ọ̀lù ni ó pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ irúgbìn bí àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti yánmọtí, gámà-tókóférọ́ọ̀lù ni ó gba iwájú. Àwọn tókótráyẹ́nọ́ọ̀lù kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pọ̀ ni epo pupa, eérí ìrẹsì àti ọkà báálì. Nínú epo pupa tí wọn kò tíì fi ẹ̀rọ fọ̀, àpapọ̀ fítámì E máa ń wà láàárín mílígíráàmù 600 sí 1,000 nínú kílógíráàmù kan. Tókótráyẹ́nọ́ọ̀lù sì tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Èyí ni ó sọ epo ọ̀pẹ di ohun àrà ọ̀tọ̀ láàárín àwọn epo tí ènìyàn ń jẹ.

4. Ohun Tí Ewéko Ń Fi Fítámì E Ṣe

Ewéko kò pèsè fítámì E nítorí ènìyàn. Ara rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Oòrùn ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú ju bí ewé ṣe lè lò ó lọ, agbára tí ó ṣẹ́kù a máa sọ ọ́síjìn di oníjàgídíjàgan. Ọ́síjìn bẹ́ẹ̀ a máa kọlu ọ̀rá inú ewé. Ọ̀rá tí ó bá ti bàjẹ́ yóò kọlu èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà yóò sì kọlu òmíràn. Òwe Yorùbá tí ó sọ pé ìka kan tí ó bá tọ́ epo ni ó ń ran àwọn yòókù ṣàpèjúwe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí dáadáa.

Fítámì E ni ó ń dá ìtànkálẹ̀ náà dúró. Ó máa ń yọ̀ǹda átọ́ọ̀mù háídírójìn kan láti orí rẹ̀ fún ọ̀rá tí ó ti di oníjàgídíjàgan, ara ọ̀rá náà a sì balẹ̀. Fítámì E fúnra rẹ̀ a wá di aláìpé, ṣùgbọ́n kì í ya oníjàgídíjàgan bí ọ̀rá náà. Fítámì C, tí ó wà nínú omi ara, lè dá ohun tí ó pàdánù padà fún un, kí ó tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé àwọn èròjà aṣaralóore kì í dá ṣiṣẹ́. Epo inú ọbẹ̀ nílò ẹ̀fọ́ àti èso tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Irúgbìn pàápàá nílò ààbò yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ irúgbìn ni ó kó epo pamọ́ sínú fún èéhù tí yóò hù lọ́jọ́ iwájú. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2004 lórí ewéko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Arabidopsis fi hàn pé irúgbìn tí kò ní fítámì E kì í pẹ́ pàdánù agbára láti hù bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ pamọ́, àti pé ọ̀rá inú àwọn tí ó bá hù a máa bàjẹ́. Nítorí náà, fítámì E wà lára ohun tí ń jẹ́ kí irúgbìn tí àgbẹ̀ gbé kọ́ sí àjà lè hù nígbà tí òjò bá dé.

5. Fítámì E Nínú Ara Ènìyàn

Fítámì E kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ni ó ti ń yòrò. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní epo díẹ̀, omi òróòro yóò bá a fọ́ ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́, ìfun yóò sì fà á. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe àṣàyàn. Èròjà purotéènì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di álífà-tókóférọ́ọ̀lù mú, kí ó sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara. Àwọn ẹ̀yà méje yòókù kò rí irú ìtẹ́wọ́gbà yìí gbà. Ẹ̀dọ̀ a máa fọ́ púpọ̀ nínú wọn, wọn a sì bá ìtọ̀ jáde.

Ìdí nìyí tí àwọn àjọ tí ń pinnu ìwọ̀n oúnjẹ kì í fi í ka ju álífà-tókóférọ́ọ̀lù lọ. Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́ lórí àwọn tókótráyẹ́nọ́ọ̀lù inú epo pupa. Àyẹ̀wò inú yàrá ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ̀rí lára ènìyàn kò tíì tó láti sọ wọ́n di oògùn fún àìsàn kankan. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ya ohun méjì yìí sọ́tọ̀.

Àìtó fítámì E kò wọ́pọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri inú ara ni ó ń bà jẹ́. Ìrìn a di ìrìn ìtàgììrì, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ojú sì lè di aláìríran dáadáa. Ó lè ṣe àwọn tí àìsàn kò jẹ́ kí ìfun wọn lè fa ọ̀rá. Ó tún lè ṣe ọmọ tí wọ́n bí ní kògbókògbó, nítorí pé fítámì E tí ó wà lára rẹ̀ kéré. Àwọn ìdílé kan wà ní àríwá Áfíríkà, pàápàá ní Tùnísíà, tí àrùn àjogúnbá kan ń yọ lẹ́nu. Purotéènì inú ẹ̀dọ̀ tí ó yẹ kí ó di álífà mú kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ rí àbùkù tí ó fa àrùn náà nínú jíìnì. Bí wọ́n bá tètè rí ọmọ tí ó ní in, tí wọ́n sì ń fún un ní ọ̀pọ̀ fítámì E títí ayé rẹ̀, ìrìn rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ìparun. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni kápúsù fítámì E jẹ́ dandan fún, lábẹ́ àmójútó oníṣègùn.

6. Ìwọ̀n Tí Ara Nílò àti Ibi Tí Ó Ti Lè Rí I

Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà pinnu ní ọdún 2000 pé àgbàlagbà nílò mílígíráàmù 15 álífà-tókóférọ́ọ̀lù lóòjọ́, ìyá ọlọ́mọ tí ń fún ọmọ lọ́yàn sì nílò 19. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò 6, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ nílò 7. Àjọ tí ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù dá tirẹ̀ sí 13 fún ọkùnrin àti 11 fún obìnrin ní ọdún 2015. Àtẹ ìsàlẹ̀ yìí fi iye tí ó wà nínú gíráàmù 100 oúnjẹ díẹ̀ hàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà.

Àtẹ 1: Álífà-tókóférọ́ọ̀lù nínú gíráàmù 100 (ní mílígíráàmù)
Epo ọlẹ̀ àlìkámà: 149
Epo sọ́nfúláwà: 41
Epo pupa: 16
Òróró ẹ̀pà: 16
Òróró sóyà: 8
Ẹ̀pà: 8
Àdín: 4
Píà: 2
Ẹ̀fọ́ sípínáàṣì: 2
Máńgòrò: 1
Epo àgbọn: 0.1

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí nínú àtẹ yìí. Èkíní ni pé láti ara ẹyìn kan náà ni epo àti àdín ti wá, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Ara ẹyìn ni epo pupa ti ń jáde, inú èkùrọ́ sì ni àdín ti ń wá. Àdín kò ní ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lára iye tí ó wà nínú epo. Ẹni tí ó bá rò pé ohun gbogbo tí ó ti ara ọ̀pẹ wá jẹ́ ọ̀kan náà ti ṣìnà.

Èkejì ni pé epo pupa nìkan kò lè pèsè gbogbo rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan, tí ó tó gíráàmù 14, kò ní ju mílígíráàmù 2.2 lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí 15 nínú epo nìkan gbọ́dọ̀ mu tó ṣíbí méje lóòjọ́. Èyí kò bọ́gbọ́n mu, nítorí pé nǹkan bí ìdajì epo pupa jẹ́ irú ọ̀rá tí ń dì, tí ó sì lè mú kí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Àjọ ìlera àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ má ṣe ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ ń fún ènìyàn lóòjọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé oúnjẹ onírúurú ni ó ń dí àlàfo náà. Bí ènìyàn bá jẹ gíráàmù 30 ẹ̀pà, tí ó jẹ́ nǹkan bí ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò rí mílígíráàmù 2.5. Epo pupa gíráàmù 20 nínú ọbẹ̀ yóò mú 3.2 wá. Ṣíbí òróró ẹ̀pà kan yóò mú 2.2 wá. Ẹ̀fọ́ gíráàmù 100 yóò fi 2 kún un, ìdajì píà ńlá yóò sì mú bí 2 wá. Àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Ẹ̀wà, àgbàdo, ẹja àti ẹyin yóò dí díẹ̀ nínú ohun tí ó kù. Ìṣòro wà fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju gààrí àti ìrẹsì funfun lọ, tí kò sì rí ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ tàbí epo tó láti fi tì í, nítorí pé fítámì E inú àwọn oúnjẹ oníṣítáàṣì wọ̀nyí kéré gan-an.

7. Láti Ẹkù Dé Inú Ìkòkò Ọbẹ̀

Bí epo bá jáde ní ẹkù, iye fítámì E tí yóò dé ẹnu ènìyàn kù sí ọwọ́ àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ọ̀tá mẹ́ta ni fítámì náà ní: afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti iná. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú epo ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ewé. Ó ń fi ara rẹ̀ jì kí ọ̀rá má baà bàjẹ́. Bí ọ̀tá bá ń kọlu epo léraléra, fítámì E yóò máa dín kù títí yóò fi tán. Nígbà tí ó bá tán ni epo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, tí òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Nítorí náà, epo tí ó ti kan jẹ́ epo tí ààbò rẹ̀ ti tán.

Epo tí wọ́n bá rọ sínú ìgò funfun, tí wọ́n sì pàtẹ sínú oòrùn láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò lè dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú ìkòkò tàbí kẹ́ẹ̀gì tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Ó dára kí ohun èlò epo kún, kí ìdérí rẹ̀ sì le, kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyè níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà nílò àlàyé. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí epo bá ṣe pọ́n tó ni ó ṣe dára tó. Karotíìnì, tí ara ń sọ di fítámì A, ni ó ń mú epo pọ́n. Fítámì E fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀ pupa. Nígbà tí alásè bá gbé epo ka iná fún ọbẹ̀ ọ̀fadà títí tí pupa rẹ̀ fi ṣí, karotíìnì ni ó ń jóná níṣojú rẹ̀. Fítámì E náà ń dín kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí èyí. Bákan náà ni epo tí ó pọ́n kò fi dandan jẹ́ ojúlówó. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún aráàlú nípa àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń fi aró Sudan, tí kò yẹ fún jíjẹ, sínú epo kí ó lè pọ́n dáadáa.

Epo tí wọ́n fi ń dín àkàrà, dòdò tàbí dùǹdún léraléra ni ó burú jù. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá padà sórí iná, fítámì E inú rẹ̀ ń dín kù, ìbàjẹ́ ọ̀rá sì ń pọ̀ sí i. Epo tí ó ti dúdú, tí ó ń hó fòfó, tí ó sì ń rú èéfín kí ó tó gbóná dáadáa, kò tún yẹ fún oúnjẹ mọ́.

8. Ìrìn Àjò Ọ̀pẹ àti Ọ̀rọ̀ Kápúsù

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orísun ọ̀pẹ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì kò jẹ́ kí lílo epo rẹ̀ parun níbẹ̀. Epo pupa náà ni wọ́n fi ń dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé títí di òní. Ní ọdún 1848, wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà ìwádìí ewéko ní Bogor, ní orílẹ̀-èdè Indonesia ti òde òní. Láti ara ìran wọn ni ọ̀pẹ ti tàn dé Malaysia, níbi tí oko ọ̀pẹ ńlá àkọ́kọ́ fún òwò ti bẹ̀rẹ̀ ní Tennamaram ní ọdún 1917. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ ní Malaysia ń yọ tókótráyẹ́nọ́ọ̀lù láti inú epo ọ̀pẹ, wọ́n ń rọ ọ́ sínú kápúsù, wọ́n sì ń tà á fún gbogbo ayé. Igi tí ó ti Áfíríkà lọ ni èso rẹ̀ ń padà wálé ní owó gegere.

Ǹjẹ́ kápúsù fítámì E ń ṣe ohun tí àwọn olùtà rẹ̀ sọ? Ìwádìí ńláńlá ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ní Fínlándì, ọkùnrin amusìgá 29,133 kópa nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1994. Fítámì E kò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù lára wọn, ikú tí ó ti ipa ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ wá sì pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n lò ó. Ní Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó súnmọ́ ọn, ìwádìí mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 pẹ̀lú ọkùnrin tí ó lé ní 35,000. Àwọn kan nínú wọn ń lo yúnìtì 400 fítámì E lóòjọ́, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ara nílò lọ. Wọ́n dá a dúró ní ọdún 2008 nítorí pé kò sí àǹfààní nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011, àbájáde fi hàn pé jẹjẹrẹ kókó ọkùnrin fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n lo fítámì E nìkan ju àwọn tí wọn kò lo èròjà kankan lọ.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí ń dáàbò boni ní ìwọ̀n lè pani lára bí ó bá ti pọ̀ jù. Àpọ̀jù fítámì E kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ewu rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Èyí kò túmọ̀ sí pé kápúsù náà kò wúlò rárá. Oníṣègùn lè kọ ọ́ fún ẹni tí ìfun rẹ̀ kò lè fa ọ̀rá tàbí fún àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀ kan. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ń jẹun dáadáa, ni kò nílò rẹ̀.

9. Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́

Olùkọ́ tí yóò fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lè tẹ̀lé ọ̀nà mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní. Ọ̀rọ̀ bí ẹyìn, èkùrọ́, ìhá, àdín, eérí àti ọlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Kí ó lo wọn kí ó tó kan ọ̀rọ̀ àyálò bí tókóférọ́ọ̀lù.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó ṣe àfihàn ní kíláàsì. Kí ó rọ òróró ẹ̀pà díẹ̀ sínú ìgò funfun méjì. Kí ó ṣí ọ̀kan sílẹ̀ lójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kí ó sì dé èkejì pa sínú àpótí tí ó ṣókùnkùn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbóòórùn wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n kíyè sí sílẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo ohun tí ó jẹ láàárín ọjọ́ kan sílẹ̀, kí ó sì fi Àtẹ 1 ṣírò iye fítámì E tí ó wà nínú rẹ̀. Ìṣirò, ìmọ̀ oúnjẹ àti èdè yóò pàdé nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo.

10. Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ohun ìjà tí ewéko ń rọ fún ààbò ara rẹ̀ ni fítámì E, àti pé ènìyàn ń jàǹfààní rẹ̀ nípa jíjẹ epo, irúgbìn àti ewé. Epo pupa ní ipò pàtàkì nítorí tókótráyẹ́nọ́ọ̀lù inú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni álífà tí ṣíbí kan rẹ̀ ń fún ara, ọ̀rá rẹ̀ sì béèrè fún ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Àbò fún ìlera wà nínú oúnjẹ onírúurú, epo tí a tọ́jú kúrò lójú oòrùn, àti iná tí kò pọ̀ jù. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi èyí kọ́ ọmọ ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń dáná, kí ìmọ̀ náà lè dé ibi tí ìkòkò wà.